Dizigui: Ìwé Kékeré Tó Ń Fa Iyàn Ńlá ní Ṣáínà

Ẹni tó bá máa ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ti rí irú èyí rí: àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Ṣáínà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n wá ń fi ohùn kan náà ké ọ̀rọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, "Fu mu hu, ying wu huan, fu mu ming, xing wu lan." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí bàbá àti ìyá bá pe ọmọ, kó má fi ìdáhùn falẹ̀, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, kó má ṣe ìmẹ́lẹ́. Yorùbá tó bá gbọ́ ìtumọ̀ yìí lè rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí kò sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kì í fi ẹ̀rín mú un. Àwọn kan ń dúpẹ́ pé ọmọ ti tún ń kọ́ ìwà, àwọn mìíràn sì ń bèèrè pé ta ló ní kí wọ́n máa fi ìwé tọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin bí ẹni tọ́ ẹrú.

Iyàn yìí ti lé ní ogún ọdún. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nínú rẹ̀ ni pé "ìwé àtijọ́" ni gbogbo wọn ń pe ìwé bíi mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò jọra, tí iṣẹ́ tí wọ́n wà fún kò sì jọra. Ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí jù, Dizigui, èyí tí àwọn ọmọ inú fídíò yẹn ń ké, kì í ṣe èyí tó dàgbà jù. Òun gan-an ni àbúrò gbogbo wọn.

Ìwé wo gan-an ni wọ́n ń sọ?

Àwọn ará Ṣáínà máa ń pe mẹ́ta nínú àwọn ìwé náà pọ̀ ní "San Bai Qian", ìyẹn "Mẹ́ta, Ọgọ́rùn-ún, Ẹgbẹ̀rún", láti ara ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó dàgbà jù ni Qianziwen, Ìwé Ẹgbẹ̀rún Àmì. Ọba Wu ti ìdílé Liang, tó jọba láti 502 sí 549, ló pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ààfin kan tó ń jẹ́ Zhou Xingsi pé kó mú ẹgbẹ̀rún àmì ìkọ̀wé, tí wọ́n ṣà jọ láti inú ìkọ̀wé Wang Xizhi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú ìtàn ìkọ̀wé Ṣáínà, kó sì fi wọ́n hun ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ láìjẹ́ kí àmì kankan wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé òru ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é, àti pé kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun. Ìtàn lásán lè ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà: ìlà 250, àmì mẹ́rin nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀run tó dúdú àti ilẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè. Nítorí pé kò sí àmì tó tún ara rẹ̀ wá, àwọn ènìyàn a máa fi ìtò rẹ̀ ka nǹkan bí àwa ṣe ń fi A, B, D ka nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún iyàrá gbọ̀ngàn ìdánwò àti fún àpò ìwé mímọ́ ẹlẹ́sìn Búdà. Àwọn ọmọ Kòríà àti Jàpáánù náà fi ìwé yìí kọ́ àmì Ṣáínà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Baijiaxing, Ìwé Orúkọ Ìdílé, kò ní ìtàn kankan nínú. Orúkọ ìdílé 504 ni wọ́n tò sínú rẹ̀ bí ewì. Zhao ló ṣáájú nítorí pé orúkọ ìdílé ọba Song nìyẹn, Qian ló tẹ̀lé e nítorí pé orúkọ ìdílé ọba Wuyue, ìjọba kékeré kan, ni, ní agbègbè Hangzhou tí wọ́n ti kọ ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Song. Ọmọ tó bá kọ́ ọ tán lè ka orúkọ gbogbo aládùúgbò rẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta ni Sanzijing, Ìwé Ẹlẹ́ta-mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Wang Yinglin (1223 sí 1296) ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, "Ren zhi chu, xing ben shan", sọ pé nígbà tí a bí ènìyàn, ìwà rẹ̀ dára láti ìpilẹ̀. Ṣàṣà ni àgbàlagbà ní Ṣáínà tí kò mọ̀ ọ́n lórí. Ó sọ ìtàn ìyá Mencius, amòye kan láyé àtijọ́, ìyá tó ń kó kiri nítorí àtirí àdúgbò tó dára fún ọmọ rẹ̀. Ó sọ ti Kong Rong, ọmọ ọdún mẹ́rin tó yọ̀ǹda èso píà tó tóbi jù fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka nọ́ńbà, ìgbà ọdún, ohun ọ̀gbìn, ẹran ilé àti àwọn ìdílé ọba láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ìwé mẹ́ta yìí, bí ọmọ bá parí wọn, yóò ti mọ àmì tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Ohun tí wọ́n wà fún gan-an nìyẹn. Ìwà wà nínú wọn o, pàápàá nínú Sanzijing, ṣùgbọ́n mímọ̀wékà ló gbé wọn dìde.

Ẹ̀kẹrin yàtọ̀. Dizigui, "Ìlànà fún Ọmọ àti Akẹ́kọ̀ọ́", jẹ́ iṣẹ́ Li Yuxiu, olùkọ́ kan ní agbègbè Shanxi tó gbé ayé ní ìgbà ọba Kangxi (1661 sí 1722). Orúkọ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Xunmengwen; Jia Cunren ló wá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí a mọ̀ lónìí. Ìlà 360 ni, àmì 1,080. Ó mú gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu Confucius, àgbà amòye Ṣáínà àtijọ́, pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí nílé, kó bọ̀wọ̀ fún àgbà níta, kó ṣọ́ra, kó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn, kó sún mọ́ ẹni rere, bí agbára bá sì ṣẹ́kù, kó kọ́ ìwé. Ó wá fi òfin kéékèèké kún abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Li Yuxiu ń kọ ọ́, Confucius ti kú fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pín in kiri pé "ọ̀rọ̀ Confucius nìyí" ṣi í mú.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń há a sórí kí wọ́n tó mọ ìtumọ̀?

Ìdí rẹ̀ wà nínú ìkọ̀wé Ṣáínà fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti mọ A, B, D tán lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ọmọ Ṣáínà kò ní irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún, kì í ṣe ìró lásán, kò sì sí ohun tí yóò kà títí àmì tó wà lágbárí rẹ̀ yóò fi pọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún àmì sí orí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò ní sá lọ? Wọ́n sọ ọ́ di orin. Èdè olóhùn bíi tiwa ni èdè Ṣáínà, tí wọ́n bá to ọ̀rọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, tí ìró ìparí sì ń jọra, ahọ́n a máa sáré ṣáájú ọpọlọ.

Nínú iléèwé àtijọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní sishu, olùkọ́ á ka ìlà kan, ọmọ á tẹ̀lé e, á lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, á máa pariwo ìlà náà títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, á gbé ìwé wá fún olùkọ́, á kọ ẹ̀yìn sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké e láìwo ohunkóhun. Títí dòní, ọ̀rọ̀ kan náà, bei, ni wọ́n fi ń pe "ẹ̀yìn" ara àti "kíké ìwé láti orí". Àlàyé ìtumọ̀, ó di ọjọ́ iwájú. Ẹni tó ti gbé wàláà lé itan rí nílé kéwú kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bí èyí ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kò tilẹ̀ dé ibi àlàyé náà. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n ń lò, tí wọ́n bá ti lè ka ìwé gbèsè àti orúkọ oníbàárà, wọ́n á padà sí oko tàbí ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ló ń tẹ̀síwájú sí ìwé Confucius àti Mencius, nítorí ìdánwò tí ìjọba fi ń yan òṣìṣẹ́ ọba.

Báwo ni wọ́n ṣe pòórá, ta ló sì jí wọn dìde?

Ìjọba fòpin sí ìdánwò òṣìṣẹ́ ọba ní 1905. Ní 1912, nígbà tí wọ́n lé ọba kúrò, Cai Yuanpei tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má kọ́ àwọn ìwé Confucius mọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà kò sì dákẹ́. Lu Xun kọ̀wé ní 1926 nípa ìwé ọmọdé mìíràn, èyí tó sọ ìtàn ọmọ 24 tó tọ́jú òbí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Guo Ju, fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ láàyè nítorí pé oúnjẹ kò tó, kí ìyá rẹ̀ àgbà lè rí jẹ. Lu Xun ní lẹ́yìn tí òun ka ìtàn yìí ní kékeré, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun kí bàbá òun má lọ di ọmọ rere fún ìyá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni, àwọn alátakò òde òní kò sì tíì yéé tọ́ka sí i.

Lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1949, àwọn ìwé náà kúrò pátápátá nínú kíláàsì. Ní 1974, nígbà tí ìjọba Mao ń lé Confucius kiri bí ọ̀tá tó ṣì wà láàyè, Sanzijing pàápàá wà lára ohun tí wọ́n kó jọ fún ìbáwí.

Ìpadàbọ̀ wọn gba ojú ọ̀nà méjì. Èkíní wá láti Taiwan, níbi tí Wang Caigui, olùkọ́ yunifásítì kan, ti bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú "dujing", kíkà ìwé àtijọ́, fún àwọn ọmọdé ní 1994. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ọmọ tó pé ọdún 13 ni agbárí rẹ̀ ń gba nǹkan jù; ẹ jẹ́ kó kó ìwé ńlá sínú rẹ̀, ìtumọ̀ yóò wá bá a lọ́jọ́ iwájú. Èkejì wá láti ọwọ́ Chin Kung, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà tó kú ní 2022, tó kà Dizigui sí gbòǹgbò gbogbo ẹ̀kọ́ ìwà. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì dá ibùdó sílẹ̀ nílùú Tangchi ní agbègbè Anhui, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ àgbà àti ọmọdé. Láti ibẹ̀ ló ti dé jẹ́léósinmi, ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ tó ń mú òṣìṣẹ́ wọn ké e láàárọ̀. Kò ṣòro láti mọ ohun tí ọ̀gá iléeṣẹ́ rí nínú ìwé tó ní kí ẹni tí a bá pè dáhùn kíákíá.

Kí nìdí tí àwọn òbí fi gbà á? Ọdún 2008 ni àṣírí tú pé wọ́n ń po kẹ́míkà mọ́ wàrà ìkókó. Ní 2011, mọ́tò kọlu ọmọ ọdún méjì kan nínú ọjà ní Foshan, ènìyàn 18 sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí obìnrin kan tó ń ṣa pàǹtírí tó gbé e. Gbogbo orílẹ̀-èdè rí fídíò náà. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, owó ti dé, ìwà ti lọ, ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ sì ní òun mọ ọ̀nà tí ìwà yóò gbà padà.

Kí ni wọ́n rí tí kò dára nínú Dizigui?

Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá a jà. Ó ní kí ọmọ fọ ọwọ́. Kó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, kó de bọ́tìnì, kó fa ìbọ̀sẹ̀ gùn. Ó ní bí a bá fẹ́ lo nǹkan oní-nǹkan, ká tọrọ rẹ̀, pé ẹni tó bá mú un láìbèèrè ti jalè.

Ìjà wà lórí àwọn ìlà mìíràn. Ọ̀kan sọ nípa òbí tó ṣẹ̀: kí ọmọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú tó tutù, bí kò bá gbọ́, kó dúró de ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn, kó tún sọ ọ́, kó máa sunkún tẹ̀lé e, bí wọ́n bá sì na án, kó má bínú. Òmíràn ní kí ọmọ ti gbogbo ìwé tí kì í ṣe ti ẹni mímọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má tilẹ̀ wò ó. Àwọn alátakò ní ọmọ tí wọ́n bá fi irú èyí tọ́ ní ọdún mẹ́rin kò ní mọ bí a ṣe ń sọ pé "rárá", ì báà jẹ́ fún olùkọ́ tó ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Wọ́n tún ní ẹni tó sọ gbólóhùn Confucius di òfin fún ọmọ iléèwé ti sọ ìwà di ìgbọràn lásán.

Èyí tó wuni nínú iyàn yìí, lójú èmi tó ń kọ èyí, ni pé àwọn tó ń ta ko ìwé náà kì í ṣe àwọn tó kórìíra Confucius nìkan. Àwọn onímọ̀ Confucius náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn. Zeng Shen, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Confucius, ń ro oko bàrà lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì gé gbòǹgbò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi kùmọ̀ lù ú títí ó fi dákú. Nígbà tó jí, ó dìde, ó lọ sínú iyàrá, ó ń ta ohun èlò orin olókùn kí bàbá rẹ̀ lè mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe òun. Ó rò pé wọn yóò yìn òun. Confucius gbọ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé tọ òun wá. Ó ní bí ọ̀pá bá kéré, kí ọmọ dúró gbà á. Bí ọ̀pá bá ńlá, kó sá, nítorí bí bàbá bá lu ọmọ pa nínú ìbínú, ọmọ tó dúró náà ló ti bàbá rẹ̀ sínú ẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn yìí wà nínú Kongzi Jiayu, ìwé àtijọ́ tó kó ọ̀rọ̀ àti ìtàn Confucius jọ. Kò wà nínú Dizigui.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìwé náà kò gbà. Wọ́n ní ìlà kan náà tí wọ́n ń bú ló ní kí ọmọ kìlọ̀ fún òbí rẹ̀, kì í ṣe kó dákẹ́. Pé ìgbà tí wọ́n kọ ìwé náà ló ni ọ̀rọ̀ ẹgba, olùkọ́ tó lóye lè fi òye rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ òde òní. Àti pé ọmọ kan ṣoṣo tí òbí méjì àti òbí àgbà mẹ́rin jọ ń kẹ́ kò nílò ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "rárá".

Ṣé ìjọba fọwọ́ sí i àbí kò fọwọ́ sí i?

Ó fọwọ́ sí i, ó sì ń sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn aláṣẹ Ṣáínà ń lò fún ohun àtijọ́ gbogbo: jinghua, ojúlówó tó yẹ ká mú, àti zaopo, ohun tó yẹ ká dà nù. Zaopo gan-an ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́kù bí wọ́n bá fún ọtí tán. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí lè pè é ní èérí. Ibi tí ògì parí sí tí èérí ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tíì yé wọn.

Ní ìparí 2010, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní agbègbè Shandong, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Confucius gan-an, kìlọ̀ fún iléèwé pé kí wọ́n má gbé Dizigui àti Sanzijing fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣà á. Nígbà tó di 2014, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ gbé ìlànà jáde pé kí ẹ̀kọ́ àṣà àtijọ́ wọ gbogbo ìpele iléèwé, Ààrẹ Xi Jinping sì sọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ ewì àtijọ́ kúrò nínú ìwé kíkà. Ní 2017, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àti ti ìjọba tún jọ fọwọ́ sí ètò ńlá kan lórí àṣà náà. Nígbà tó di 2019, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ kan náà tún pàṣẹ pé kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó ń fi orúkọ àṣà bojú, tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin pé bàbá, ọkọ àti ọmọkùnrin ni ọ̀gá rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ wíwò.

Àwọn ọmọ tí kò lọ sí iléèwé ìjọba rárá ńkọ́?

Apá yìí ló le jù. Àwọn òbí kan mú ọmọ wọn kúrò ní iléèwé, wọ́n fi wọ́n sí sishu òde òní, níbi tí wọ́n ti ń ké ìwé àtijọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí ìṣirò tó tó nǹkan, láìsí sáyẹ́ǹsì. Kí ọmọ tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Wang Caigui dá sílẹ̀ ní Taishun, agbègbè Zhejiang, ó gbọ́dọ̀ há ọ̀rọ̀ tó tó 300,000 àmì sórí. Ìwé kan tán, òmíràn, kí ọmọ dúró níwájú kámẹ́rà, kó ké e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé.

Ní 2016, àwọn ìwé ìròyìn Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó ti la ọ̀nà yìí kọjá jáde. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn lè ké odidi ìwé, ṣùgbọ́n àwọn kò lè ṣàlàyé ojú ewé kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò ní ìwé ẹ̀rí tí àwọn lè fi wọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ke Xiaogang, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Tongji tí òun náà ń kọ́ni ní ìwé àtijọ́, wà lára àwọn tó bá Wang jiyàn ní gbangba: kíkà ìwé kò burú, ó ní, ohun tó burú ni kíkà tí kò ní òye. Wang fèsì pé àwọn tó ń fi àlàyé dí ọmọ lọ́wọ́ ló ń ba agbárí rẹ̀ jẹ́.

Òfin kò dá sí iyàn ìmọ̀ yìí, ó kàn sọ pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn ọdún mẹ́sàn-án. Sishu ńlá kan ní Shanghai ti bá òfin yìí pàdé láti 2006, nígbà tí ìjọba ìlú ní kó ti ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n kó lọ sí abúlé, tàbí kí wọ́n pe ara wọn ní ibùdó ìsinmi.

Kí ni ọmọ iléèwé lásán ń kọ́ nínú rẹ̀ báyìí?

Ohun tó wà nínú ìwé kíkà ìjọba, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò káàkiri láti 2017, kéré ju ariwo rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún kìíní jẹ́ àmì mẹ́fà: ọ̀run, ilẹ̀, ènìyàn, ìwọ, èmi, òun. Ní ìdajì kejì ọdún náà, ewì kan wà lórí orúkọ ìdílé, tí Zhao, Qian, Sun, Li inú Baijiaxing wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n mú láti inú Sanzijing, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ren zhi chu", tó sì parí sórí pé òkúta iyebíye tí a kò bá gbẹ́ kì í di ohun èlò, ẹni tí kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ kì í mọ ohun tó tọ́. Ẹni tó bá mọ ìwé náà lórí yóò kíyè sí i pé wọ́n fo ibì kan láàárín: ìlà tó sọ pé olùkọ́ tí kò bá le ti ya ọ̀lẹ kò sí níbẹ̀.

Dizigui náà rí àyè, nínú ìwé ọdún kejì, lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò há sórí. Ìlà ìgbọràn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹgba. Fìlà tó gbọ́dọ̀ gún, bọ́tìnì, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà ni wọ́n mú, pẹ̀lú aṣọ tí a kì í jù sílẹ̀ káàkiri. Wọ́n wá fi ibì kan kún un tó ní bí ẹlòmíràn bá ju ọmọ lọ nínú ìwà àti ìmọ̀, kó tẹra mọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ àti oúnjẹ ni ẹlòmíràn fi jù ú lọ, kó má banú jẹ́.